TSH mi ga, mo rò pé oògùn ló pọ̀ jù

Ẹnu ọ̀nà láàbù kan ní Adó-Èkìtì ni mo ti ṣí ìwé àyẹ̀wò mi. Wọ́n kọ H sí ẹ̀gbẹ́ TSH, họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ga nìyẹn. Mo ní háà, oògùn tairọ́ìdì (kókó iwájú ọrùn tó ń ṣe họ́mọ̀nù) tí mò ń lò ti pọ̀ lára mi. Mi ò bi dókítà, mo dá a dúró.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo tiẹ̀ ń yin ara mi. Kí oṣù méjì tó pé, súwẹ́tà ni mò ń wọ̀ lọ sí Ọjà Ọba nínú ooru oṣù kẹta. Ọmọ odó wá wúwo bí òkúta, èmi ọmọ Èkìtì tí ń gúnyán fún ilé ẹlẹ́ni méje! Gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi wú sí i, ìlẹ̀kẹ̀ ìgbéyàwó mi kò yí ọrùn po mọ́.

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ láàbù ló là mí lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ka ìwé yín sódì. TSH kì í ṣe oògùn yín." Kókó kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ lábẹ́ ọpọlọ ló ń rán an sí tairọ́ìdì pé kó ṣiṣẹ́. TSH kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ìta ló ti ń kan ilẹ̀kùn, cAMP, ońṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ló ń bá a jẹ́ iṣẹ́ náà nínú ilé, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn jíìnì. Níbẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ PAX8 àti NKX2-1, àwọn purotéènì tó ń jí jíìnì, jíìnì tó ń ṣe ọ̀nà tí áyódíìnì ń gbà wọlé á jí, ti thyroglobulin, purotéènì tí wọ́n fi ń ṣe họ́mọ̀nù tairọ́ìdì, á jí, ti TPO tó ń lẹ áyódíìnì mọ́ ọn náà á jí. Ínsúlínì àti IGF-1, họ́mọ̀nù ìdàgbà tó jọ ínsúlínì, ń kín TSH lẹ́yìn, pàápàá tó bá kan kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ sí i. Bí họ́mọ̀nù tairọ́ìdì ò bá tó, TSH ò ní yé kan ilẹ̀kùn. Sẹ́ẹ̀lì á máa tóbi, á máa pín. Ohun tó ń fẹ gẹ̀gẹ̀ mi nìyẹn.

Levothyroxine, oògùn tí mò ń lò, ló ń dá TSH dúró. Ara á sọ oògùn náà di T3, họ́mọ̀nù tairọ́ìdì tó lágbára jù, T3 á sì ní kí jíìnì tó ń ṣe TSH rọra. Torí náà, TSH tó ga lára ẹni tó ń lo oògùn bíi tèmi sábà máa ń sọ pé oògùn ò tó, tàbí pé kò ráyè wọ ara. (Tèmi, méjèèjì ni: oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin ni mo máa ń gbé mì mọ́ ọn láàárọ̀!)

Nǹkan bí ọjọ́ méje ni ìdajì oògùn yìí fi ń lọ lára, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tètè mọ̀ ọ́n lára nígbà tí mo dáwọ́ dúró. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì sáré ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ fún un. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi gbé e mì láàárọ̀, ó kéré tán ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó jẹun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ àti kálísíọ́ọ̀mù, ó di wákàtí mẹ́rin.

Nínú àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí mo padà sórí oògùn, H ti kúrò níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ọrùn po. Ọkọ mi ló ṣì ń gúnyán, mi ò tíì sọ fún un pé agbára mi ti padà.