Fíìmù olówó perete: etí òǹwòran ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Nǹkan bíi dọ́là 7,000 ni Robert Rodriguez fi ṣe El Mariachi tó jáde ní 1992. Kámẹ́rà tó ń lò ń pariwo, kò sì lè gba ohùn mọ́ àwòrán. Bó bá ya ìran kan tán, á pa kámẹ́rà, á gbé máíkì sún mọ́ òṣèré, onítọ̀hún á sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Nígbà tó wá ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ibi tí ètè bá ti ń lọ tí ohùn ò bá a lọ, kíá, á gé e sí nǹkan mìíràn, ì báà ṣe ajá tó jókòó jẹ́ẹ́. Gígé lemọ́lemọ́ yẹn ló jẹ́ kí eré náà máa sáré. Adùn tó wà nínú irú fíìmù báyìí nìyẹn: ẹ̀ ń rí ibi tí owó ti tán, ẹ sì ń rí bí wọ́n ṣe dọ́gbọ́n sí i.

Òṣogbo ò ní láti lọ kọ́ èyí lókè òkun. Ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀, ẹni tó wà nídìí Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà l’Óṣogbo, ní 1962, àti ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ń kó ẹrù, ìlù àti èèyàn sọ́kọ̀ láti ìlú dé ìlú ni. Ohun tí ọkọ̀ ò bá lè gbé, kò sí nínú eré. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé eré wọn ró. Bí ọ̀rọ̀ ò bá wá dún létí, kí ló kù?

Fóònù ọwọ́ yín ń ya àwòrán tó tó. Máíkì inú rẹ̀ ni kò tó: bó bá fi mítà méjì jìnnà sí òṣèré, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló máa gbọ́ ketekete. Ẹ ra máíkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ, kẹ́ ẹ fi í sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sísàlẹ̀ ẹnu. Ẹ ki okùn rẹ̀ bọ fóònù kejì nínú àpò òṣèré, kí ìyẹn máa gba ohùn, kẹ́ ẹ pa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má baà dá a dúró. Kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú kámẹ́rà kí ìran tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá ń to fíìmù pọ̀, ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé nínú àwòrán ni kẹ́ ẹ gbé ìró “pà!” náà lé, ohùn àti ètè á sì jọ máa rìn.

Aṣọ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Gínì tí wọ́n lù dáadáa máa ń dún ṣààṣàà lára máíkì, nítorí náà ẹ há a síta, ẹ má fi í sábẹ́ aṣọ. Fíríìjì ńkọ́? Ariwo rẹ̀ ti mọ́ etí tiwa lára, máíkì ní tirẹ̀ ò foríjì í. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ wá ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tàbí ti ọ̀kadà sínú rẹ̀; ẹ ò ní lè lọ sílé láìrántí pé ẹran onílé ń yọ́. Lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Yàrá kan ò dákẹ́ bí èkejì. Bẹ́ ẹ bá gé ọ̀rọ̀ kúrò tẹ́ ẹ ò fi ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ gan-an dí i, á dà bí ìgbà tí etí òǹwòran ṣàdédé di. Lásìkò òjò, ẹ má ti ìran elọ́rọ̀ gígùn sí ọ̀sán lábẹ́ páànù.

Àwòrán ò gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìyípo àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ ṣe kámẹ́rà sí fírémù 25, ìyẹn àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kẹ́ ẹ ṣe shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gílóòbù á máa ṣẹ́jú lẹ́yìn òṣèré. Ẹ tẹ ojú òṣèré mọ́lẹ̀ lórí gíláàsì fóònù títí ìmọ́lẹ̀ á fi dúró sójú kan, kí ojú rẹ̀ má baà ṣú nígbà tí aláṣọ funfun bá wọlé. Òòrùn ọ̀sán gangan ń fi òjìji kún ihò ojú. Ẹ dúró di aago mẹ́rin, tàbí kẹ́ ẹ wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kẹ́ ẹ ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sí apá kan. Adìrẹ ìlú wa lẹ́wà, àmọ́ adìrẹ ẹlẹ́lùú níwájú ògiri dúdú ń gbé òṣèré mì ni. Aṣọ òfì onílà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sì máa ń jó lójú kámẹ́rà, ẹ kọ́kọ́ yà á wò. Bó bá jẹ́ Igbó Ọ̀ṣun lẹ fẹ́ lò, ẹ lọ gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó kó òṣèré lọ.

Ní ti kí fíìmù pẹ́ lẹ́nu aráyé, kò sẹ́ni tó lè ṣètò rẹ̀. Nǹkan bíi dọ́là 114,000 ni wọ́n fi ṣe Night of the Living Dead, fíìmù abanilẹ́rù ti 1968. Ṣokoléètì olómi ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀, torí dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà kó tó jáde, ni ìlà tó ń sọ ẹni tó ni ín bá bá orúkọ àtijọ́ lọ. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà, ó ti di ti gbogbo ayé nìyẹn. Ẹni tó bá wù ń gbé e jáde láìsan kọ́bọ̀, ìyẹn wà lára ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. Òfin ti yàtọ̀ lónìí, síbẹ̀ ẹ kọ orúkọ yín àti ọdún sí ìparí gbogbo ẹ̀dà, títí kan èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.