Ìka Aláró Níwájú Ẹ̀rọ: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ ní Pápákọ̀ Òfurufú

Aláró ni mí ní Òṣogbo. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ṣì ń dùn mí.

Ọmọ mi obìnrin bímọ sí Jámánì, ó ní kí n wá bá òun wẹ ọmọ. Ó ku ọjọ́ méjì kí n gbéra ni mo sọ pé n kò lè lọ lọ́wọ́ òfo, mo bá rẹ àdìrẹ ẹlẹ́kọ méjì. Ìbọ̀wọ́ mi ya, sódà inú aró sì jẹ ìlà ìka mi. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí n kò dúró pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, kò tíì rí aṣọ tó fẹ́ bàjẹ́ nínú aró rí.

Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ rọ́pò òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà, díẹ̀díẹ̀, láti ẹnubodè kan sí òmíràn. Ẹ̀rọ á ya ojú yín, á sì wò ó bóyá ìka yín bá èyí tí ẹ tẹ̀ nígbà físà mu. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo tẹ̀ nígbà náà. Àkókò òjò ni, mi ò rẹ aṣọ fún bí oṣù kan, ìlà ọwọ́ mi hàn ketekete.

Ní pápákọ̀ Yúróòpù tí mo ti fẹ́ lọ wọ bàálù kejì, mo tẹ ìka, iná pupa. Mo nù ún lára ìró, mo tún tẹ̀ ẹ́, iná pupa. Ọmọkùnrin òṣìṣẹ́ tó dúró síbẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Ìgbà tó rí dúdú aró lábẹ́ èékánná mi, kíá ló fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, ó sì nù ún lára ṣòkòtò. Ojú tó fi wò mí! Èmi tí òyìnbó ń wá bá nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ káwọn ti ọwọ́ bọ aró. Ó ní kí n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń kọjá lọ. Mò ń wo pátákó tó ń kọ orúkọ ìlú títí wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàálù mi ti lọ. Mi ò sunkún lójú wọn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo lọ sun ún sí.

Ìyá àgbà kan lára àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló wá dá mi sílẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo ìwé, ó lu òǹtẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo wọ bàálù mìíràn.

Nítorí náà, bí iná pupa bá tàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní ẹ fẹ́ rí ènìyàn. “Officer, please” ti tó. Ẹ má ṣe dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ fi aró sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó rìnrìn àjò, kí ẹ máa fi òrí pa ìka lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ gbàgbé òrí, ẹ má gbàgbé pé kí ẹ bèèrè ènìyàn. Mi ò sọ pé ẹ̀rọ kò dára o, àwọn tí ìka wọn dán kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Àní bó bá kọ̀, ènìyàn ni kí ẹ bèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ pápákọ̀ òfurufú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa, bí ẹ bá fẹ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pe àwa aláró, àwọn bíríkìlà àtàwọn tó ń bẹ gbáàgúdá pé ká wá tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sì fi tábìlì kan sílẹ̀ tí ènìyàn á jókòó sí.

Ọmọ mi ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kó lọ.” Ó rọrùn fún un láti sọ. Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń padà sílé, ẹnubodè yẹn náà ni mo sì máa gbà jáde.