₦89,500 àti èéfín ọjọ́ kẹta

Abà kan lẹ́yìn Adó-Àwáyé ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, mo ń tú okùn tí mo fi so kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù mi, ni ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ bá nawọ́ sí ìdí sàlẹ́ńsà: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, èéfín yìí mà pọ̀ o." Mo bojú wẹ̀yìn. Èéfín náà pọ̀ lóòótọ́, àwọ̀ aró ló ní, ó sì ń rùn bí ọ́ìlì tó jóná. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo gba máṣíìnì yẹn lọ́wọ́ mẹkáníìkì. ₦89,500 ni mo san kí n tó gbà á.

Òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko ni mí ní Ìsẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo máa ń gbé abẹ́rẹ́ lọ bá àwọn ọmọ tí ìyá wọn kò ráyè gbé wá sílùú. Máṣíìnì náà kì í ṣe ti ìjọba. Tèmi ni, Boxer tí mo fi owó àjọ rà ní ₦240,000 lọ́dún 2018. Ọjọ́ tí mo rà á ni bàbá mi fún mi ní ìwé kékeré kan. Olùkọ́ ni wọ́n, Honda CG125 ni wọ́n gùn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí wọ́n rà sí i tí wọn kò kọ sílẹ̀: ọjọ́, iye owó, iye kìlómítà tó wà lójú aago. Wọ́n ní kí èmi náà máa kọ ọ́, kí èmi àti mẹkáníìkì má baà máa jiyàn.

Ìwé yẹn ló wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Lójú ewé àkọ́kọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lítà kan jẹ́ ₦1,000. Lójú ewé tí mo wà báyìí, ₦5,000 ni èyí tí kò yẹ kí n rà, ₦6,200 ni èyí tó yẹ. Ibi tí owó ti fò sókè hàn kedere nínú rẹ̀: ọdún 2023. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ sọ́jà. Ilẹ̀ Íńdíà ni Boxer ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń kó ohun èlò rẹ̀ wọlé, nítorí náà kò sí ríìngì, kò sí ṣéènì, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tí kò gbówó lérí. Owó oṣù tèmi kò bá wọn sáré.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà ọyẹ́, fóòmù tó ń sẹ́ atẹ́gùn kó tó wọ kábúrétọ̀ ti ya, n kò sì mọ̀. Eruku ọ̀nà abà ń gba ibẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó ń ha inú búlọ́ọ̀kù bí ìgbà tí èèyàn bá fi yanrìn fọ ìkòkò. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, ìdajì lítà ọ́ìlì ni mo ń dà kún un lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Bí mo bá gbé kúlà sẹ́yìn, kò lè gun òkè mọ́ àfi kí n fi sí gíà kìíní. Mo mọ̀ pé ó ti tó kí wọ́n tú u palẹ̀.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ọwọ́ ọ̀gá náà yá, ẹnu rẹ̀ dùn, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó ní búlọ́ọ̀kù ti jẹ, àfi kí a gbé e lọ bọ́ọ̀, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ inú rẹ̀ kó fẹ̀ díẹ̀, kí a sì fi písítìnì 0.50 sí i. Ìtumọ̀ 0.50 ni pé ó fi ìdajì mìlímítà tóbi ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Ó ní nígbà tí a sì ti tú u tán, ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo gbà, ó bọ́gbọ́n mu lójú mi. Owó bọ́ọ̀ jẹ́ ₦7,000, písítìnì àti ríìngì ₦14,500, gásíkẹ́ẹ̀tì ₦3,500, fáàfù méjèèjì ₦6,000, síìlì wọn ₦1,500, pléètì klọ́ọ̀ṣì ₦8,500, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì ₦5,500, ṣéènì ìta pẹ̀lú eyín rẹ̀ ₦16,000, plọ́ọ̀gì ₦2,000, ọ́ìlì ₦5,000, owó iṣẹ́ ₦20,000. Mo yá ₦60,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Èyí tó kù, inú owó ilé-ìwé ọmọ mi ni mo ti yọ ọ́.

Èéfín nìkan sì kọ́. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti rí nǹkan méjì mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti náwó tán kì í tètè gbà pé nǹkan kò dáa. Lójoojúmọ́ tí mo bá jí, ọ́ìlì á ti kán sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, á tó àkàrà kan. Bí mo bá sì yí ọwọ́ epo lórí òkè, ẹ́ńjìnnì á ké, á ké, máṣíìnì kò ní yára. Ó dà bí ẹni tó ń sáré nínú ẹrẹ̀.

Mo padà lọ. Ọ̀gá yí nọ́ọ̀tì wáyà klọ́ọ̀ṣì díẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ́ńjìnnì tuntun ni. Ẹ jẹ́ kó wọra. Èéfín yẹn á lọ fúnra ẹ̀." Mo dúpẹ́, mo lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbàgbé. Abẹ́rẹ́ inú kúlà gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì, yìnyín tí a tò yí i ká ló ń jẹ́ kó tutù bẹ́ẹ̀. Oòrùn aago mẹ́wàá ti mú. Bí mo ṣe dé ẹsẹ̀ òkè kan báyìí, ẹ́ńjìnnì ń ké, máṣíìnì dúró gbọin. Mo fi gíà kìíní, kò lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, èmi àti kúlà àti báàgì, bíi kìlómítà méjì nínú eruku. Nígbà tí mo fi dé abẹ́ igi tí a ti máa ń pàdé, púpọ̀ nínú àwọn ìyá ti padà sóko. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìwé mi. Méje ni mo bá. N kò lè dá wọn lẹ́bi, àsìkò iṣẹ́ oko ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tó ti lọ, àjẹsára èéyi ló yẹ kó gbà lọ́jọ́ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kí n tó tún rí i. Ohun tó ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó ká mi lára ju owó lọ.

Nígbà tí mo tún padà sọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ní eré tí mo ń sá ló fà á. Ó ní kí n mú ₦12,000 wá kí òun tún un tú. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ti máṣíìnì mi kúrò níbẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ni mo fi ọ̀kadà lọ sí abà lẹ́yìn ìyẹn, ₦4,000 ní àlọ àti àbọ̀, láti àpò ara mi.

Bàbá mi ló sọ pé kí n lọ rí bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò ní ọ̀nà Adó. Bàbá náà kò fọwọ́ kan máṣíìnì rárá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Wọ́n kàn ń bi mí léèrè. Ìgbà wo ni èéfín máa ń pọ̀, àárọ̀ ni tàbí tí ó bá gbóná tán? Àwọ̀ wo ni? Wọ́n ní èéfín dúdú, epo ló pọ̀ jù. Funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ tútù, omi ni. Èyí tó bá rí bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Wọ́n ní lóòótọ́ ni ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò máa ń yọ èéfín díẹ̀, torí ọ́ìlì tí a fi pa ara písítìnì, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ títí. Ọjọ́ mẹ́ta kọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i. Agolo rẹ̀ ṣì wà nílé, mo lọ gbé e wá. Wọ́n yí i po, wọ́n ń wá nǹkan lára rẹ̀, wọn kò rí i.

"Ọmọ mi, ti mọ́tò lèyí."

Ọ́ìlì kì í ha ṣe ọ́ìlì ni? Bí mo ṣe rò ó tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi: nínú mọ́tò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í dé ibi klọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí gíà. Nínú irú máṣíìnì tiwa yìí, ọ́ìlì kan náà ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì, tó ń bọ́ gíà, inú rẹ̀ kan náà sì ni klọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀ sí. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n fi èròjà sí kí wọ́n lè yọ̀ dáadáa, kí mọ́tò má baà jẹ epo. Ohun tó sì yẹ kí pléètì klọ́ọ̀ṣì ṣe ni kí wọ́n di ara wọn mú. Bí a bá da ohun tó ń yọ̀ sí wọn, wọ́n á máa yọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni. Àmì tó yẹ kí a wá lára agolo ni JASO MA tàbí MA2, ara òṣùwọ̀n tí àwọn ará Japan kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1998 nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Èyí tí wọ́n bá kọ MB sí lára, ti máṣíìnì tí klọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò sí nínú ọ́ìlì ni. Lẹ́tà méjì péré. Ọdún mélòó ni mo ti ń ra ọ́ìlì tí n kò wò ó rí!

Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì níṣojú mi, wọ́n ń to ohun gbogbo sínú abọ̀ bó ṣe ń jáde. Nígbà tí wọ́n fa písítìnì yọ, wọ́n gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní kí n wo ríìngì kejì lára àwọn tó yí i ká dáadáa, lẹ́bàá ibi tí ẹnu rẹ̀ ti là. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Òkè ló yẹ kó kọjú sí. Ìsàlẹ̀ ló kọjú sí. Iṣẹ́ ríìngì yẹn ni kó máa ha ọ́ìlì kúrò lára búlọ́ọ̀kù wá sísàlẹ̀; bí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé, òkè ni yóò máa ha á lọ, síbi tí iná wà. Ẹnu àwọn ríìngì náà tún wà lójú kan ṣoṣo, nígbà tó jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n jìnnà síra wọn kí afẹ́fẹ́ má baà rí ọ̀nà tààrà gbà. Ní ti ọ́ìlì tó ń kán, ẹni tó dè nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì ti dè é kọjá ààlà, eyín ihò náà ti jẹ, ọ̀rá ni wọ́n wé mọ́ nọ́ọ̀tì kí n má baà tètè mọ̀. Èyí ló bí mi nínú jù. Ríìngì, àṣìṣe lè wà níbẹ̀. Ọ̀rá kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó wé e mọ ohun tó ń bò.

Bàbá tún ríìngì tò, wọ́n fọ pléètì klọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi sáńpépà ha ojú wọn díẹ̀, wọ́n rẹ wọ́n sínú ọ́ìlì tuntun di ọjọ́ kejì. Wọ́n la eyín tuntun sí ihò náà, wọ́n fi nọ́ọ̀tì tó tóbi jù ú lọ dí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì ₦3,500, ọ́ìlì ₦6,200, ihò ₦4,000, owó iṣẹ́ ₦10,000. Wọ́n ní kí n má sáré ju 40 lọ fún 500 kìlómítà àkọ́kọ́, kí n má gbé ẹrù wúwo, kí n sì pààrọ̀ ọ́ìlì nígbà tó bá pé. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀, ₦6,200 mìíràn. Pẹ̀lú owó ọ̀kadà, ₦53,900 ló jáde lórí iṣẹ́ tí mo ti san owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá àkọ́kọ́. N kò lọ jà. Mo kó fọ́tò tí mo yà dání, mo sọ ohun tí a bá. Ó kọ́kọ́ bínú. Ìgbà tó rí ọ̀rá nínú fọ́tò ló tó dákẹ́. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ló jáde pé ibi ìkómọ ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n de ẹ́ńjìnnì náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ló dè é. Ọmọ náà dúró síbẹ̀, ó ń wolẹ̀, kò lè ju ogún ọdún lọ. Mo sọ fún ọ̀gá pé kó má nà án, kó má bú u. Owó ọwọ́ ọ̀gá ni mo san, ọ̀gá ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó pè mí pé kí n wá gbé e. Ó dá ₦10,000 padà fún mi nínú owó iṣẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú.

Nígbà tí mo ń lọ, mo fi fọ́tò ríìngì yẹn han ọmọ náà, mo fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà rẹ̀. Kò sí ẹni tó fi hàn án rí. Ó gba nọ́ńbà mi.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, fọ́tò kan wọlé sórí fóònù mi: písítìnì kan lórí bébà, àtẹ́lẹwọ́ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àǹtí, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bó ṣe máa kọjú sókè rèé?" Mo fi ìka fa fọ́tò náà kó tóbi. Lẹ́tà náà wà lókè. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó ya ti èkejì náà wá kí n rí i kó tó dè é.