Àlàpà ojú ọ̀nà Llanrhystud

Torí ògiri ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin láti Birmingham lọ sí Aberystwyth, ìlú etí òkun ní Wales. Ọ̀rẹ́ mi ní Peckham bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́: "Ògiri báwo?"

Bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀ ní Llanrhystud, mo fẹsẹ̀ rìn padà lẹ́bàá títì. Àlàpà ilé olókùúta kan ni. Wọ́n kùn ún ní pupa, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ "Cofiwch Dryweryn" sí i: Ẹ rántí Tryweryn. "Ẹ" ni o! Welsh, èdè wọn, náà ya èyí tí wọ́n ń bá àgbà àti ọ̀pọ̀ èèyàn sọ sọ́tọ̀, bíi tiwa.

Àfonífojì Tryweryn ni abúlé Capel Celyn wà. Liverpool ń wá omi, ilé aṣòfin ní London sì gbà kí wọ́n sé odò náà. Nínú aṣòfin 36 tí Wales ní níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó dìbò fún un. Ẹnu wọn ò tólẹ̀. Ní 1965, omi bo ilé, bo ilé ẹ̀kọ́, bo ṣọ́ọ̀ṣì.

Meic Stephens tó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára ògiri ṣì í kọ. "Tryweryn" ló kọ, bẹ́ẹ̀ òfin èdè náà ní kí T di D níbẹ̀. Ó ti dàgbà kó tó kọ́ Welsh, àwọn mìíràn ló bá a tún un ṣe nígbà tó yá. Àṣìkọ yìí wù mí ju ògiri gan-an lọ. Ìbínú ló kọ́kọ́ dé, èdè wá tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá onílé tí mo wọ̀ sí, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé. Ìyá rẹ̀ àgbà gbọ́ Welsh dáadáa, àmọ́ bàbá rẹ̀ kò fi kọ́ wọn, kí Gẹ̀ẹ́sì wọn má bàa wọ́. Ó sọ fún mi nípa Welsh Not, igi tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ lọ́rùn nílé ẹ̀kọ́ láyé ọjọ́un. Mo ní páálí ni tiwa n'Íbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì fi kọ́ èmi lọ́rùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n bi àwọn ará Wales ní 1979 bóyá wọ́n fẹ́ ilé aṣòfin tiwọn, ìyá náà dìbò pé "bẹ́ẹ̀ kọ́". "Ẹ̀rù ló bà mí." Ní 1997, ó dìbò pé "bẹ́ẹ̀ ni", díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi borí, 50.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún yẹn náà ló forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì èdè.

Ìkànìyàn 2021 ní àwọn tó ń sọ Welsh kò tó 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wó apá kan ògiri yẹn ní 2019, kíá ni àwọn èèyàn tún un mọ, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ náà káàkiri Wales.

Lálẹ́, ìyá onílé kọ́ mi ní "Ll": kí ahọ́n lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, kí atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Itọ́ ni mo ń tu sórí tábìlì. Èmi náà ní kó pe "agbádá".

"Abada."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ẹyin síwájú mi, ó mí kanlẹ̀.

"Ag-bada."