Orí kọ́, ìdí kọ́: ẹ̀kọ́ tí àmì m6A kọ́ wa lára fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú

Ẹ̀yin àbúrò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ yàrá ìwádìí, ìbéèrè kan wà tí gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀: ṣé m6A, àmì kékeré kan tí sẹ́ẹ̀lì ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà A lára RNA, ń ran fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú lọ́wọ́ ni, àbí ó ń dí i lọ́wọ́? Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: RNA wo, lẹ́tà A wo, ṣé ti orí RNA ni (5′) tàbí ti ìdí rẹ̀ (3′), ta ló sì ń kà á?

m6A kì í yí lẹ́tà padà. Métáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ̀ mọ́ A, bí ẹni fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀: igba, igbá, ìgbà. Àwọn purotéènì METTL3 àti METTL14 ló ń kọ ọ́, FTO àti ALKBH5 ló ń pa á rẹ́, YTHDF1, YTHDF2 àti YTHDF3 sì wà lára àwọn tó ń kà á. Ibi tí wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí ni ibi tí lẹ́tà bá tò bíi DRACH: D jẹ́ A, G tàbí U, R jẹ́ A tàbí G, H jẹ́ A, C tàbí U. Ṣùgbọ́n DRACH tí kò ní àmì pọ̀ ju èyí tó ní lọ. Ẹni tó fi kọ̀ǹpútà wá DRACH, tó wá kọ ọ́ pé òun ti rí m6A, àbá lásán ló ní lọ́wọ́.

Ẹ wo HBV, fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B. DNA rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3,200 lẹ́tà lọ. Àwọn RNA tó ń ti ara rẹ̀ jáde gùn tó 3.5, 2.4, 2.1 àti 0.7 kilobase (ẹgbẹ̀rún lẹ́tà), ojú kan náà sì ni gbogbo wọn parí sí. Ní ìdí wọn ni RNA ti ṣẹ́po mọ́ ara rẹ̀, ibẹ̀ la ń pè ní epsilon. pgRNA, ọ̀kan lára èyí tó gùn tó 3.5, tí fáírọ́ọ̀sì ń sọ di DNA padà (ìyẹn ni reverse transcription), ní epsilon méjì: ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ Siddiqui ní San Diego gbé jáde ní 2018 fi hàn pé A kan náà ló gba àmì níbi méjèèjì, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò jọra. Ti orí ń ran reverse transcription lọ́wọ́. Ti ìdí ń mú kí RNA tètè bàjẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá dín METTL3 àti METTL14 kù, RNA àti purotéènì HBV á gòkè, reverse transcription á sì lọ sílẹ̀. Ẹni tó wọn HBsAg, purotéènì ara òde HBV, nìkan á ní àmì ń dènà fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó wọn DNA inú core, èèpo tó gbé DNA fáírọ́ọ̀sì sínú, nìkan á ní ó ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ò parọ́.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ A yìí dáadáa. Nínú iṣẹ́ ọdún 2018 yẹn, A1907 ni wọ́n pè é. Bí ọ̀nà tí ẹ ń gbà ka nọ́ńbà bá yàtọ̀, ó lè yẹ̀ ní lẹ́tà méjì, ẹ sì lè yí lẹ́tà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ padà. Ẹ má wá nọ́ńbà, ẹ wá lẹ́tà: AUGGACAUU. AUG yẹn gan-an ni purotéènì core ti bẹ̀rẹ̀, GAC tó tẹ̀lé e ni aspartate, A tó wà láàárín GAC ló gba àmì. Wàyí o, bí ẹ bá sọ A yẹn di C, ẹ ti sọ aspartate di alanine. Bí ẹ bá sọ ọ́ di G, ó di glycine. U, ó di valine. Kò tán síbẹ̀: A náà so mọ́ U kan ní òdìkejì epsilon. Bí ìsopọ̀ yẹn bá tú, a ò lè sọ mọ́ bóyá àmì tó pòórá ló fa èsì yín, tàbí epsilon tó dẹ̀, tàbí core tó yí padà.

Èyí tó tẹ́ wa lọ́rùn jù ni kí ẹ fi A sílẹ̀, kí ẹ sọ C tó tẹ̀lé e di U. GAC á di GAU, aspartate ṣì ni. C tó so mọ́ G á di U tó so mọ́ G: kò le tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ń di ara mú. DRACH sì ti bàjẹ́. Síbẹ̀, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi antibody, purotéènì tó ń dì mọ́ m6A, wò ó bóyá àmì ti lọ lóòótọ́. Ní epsilon ìdí, ọ̀rọ̀ aspartate ò sí níbẹ̀. Kìkì ìsopọ̀ lẹ́tà ni kí ẹ ṣọ́.

Wàhálà kejì ni pé epsilon méjèèjì jọra bí ìbejì. Nǹkan bí 120 lẹ́tà ni orí àti ìdí pgRNA fi jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ẹ bá gé RNA sí bíi 100 lẹ́tà, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè sọ ibi tí ègé kan ti wá. Ibi tó bá wù ú ni yóò gbé e sí. Plasmid 1.3-mer, DNA tí a fi odindi HBV kan àti díẹ̀ sí i sínú rẹ̀, ló ń gbà wá níbẹ̀, nítorí a lè yí ẹ̀dà orí nìkan, ẹ̀dà ìdí nìkan, tàbí méjèèjì padà.

Lórí tábìlì, láti gé RNA: ZnCl2 10 mM nínú Tris-HCl 10 mM, pH 7, 94°C fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fi EDTA 50 mM dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, RNA ti di ìyẹ̀fun. Ẹ yọ ìdá mẹ́wàá sọ́tọ̀ kí antibody tó kàn án. Tí ẹ bá fẹ́ gba RNA padà lára antibody, m6A fúnra rẹ̀, 6.7 mM, ni kí ẹ fi lé e jáde; ẹ má sè é, nítorí ìdọ̀tí á bá a wá. DNase, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ DNA, ò ṣeé fò, torí plasmid àti DNA HBV kún inú sẹ́ẹ̀lì, ẹ sì ṣe ìgò kan tí kò ní ẹ́ńsáìmù RT (reverse transcriptase). Primer (ègé DNA kékeré tí a fi ń wọn RNA) tó wà ní apá X ń ka gbogbo RNA HBV pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó jẹ́ 3.5 nìkan, ẹ gbé primer sí apá core. Ẹ fojú sùn dot blot, àyẹ̀wò tí a ń kán RNA sórí awẹ́, tí wọ́n bá fi gbogbo RNA ṣe é: RNA ráíbósóòmù 18S àti 28S ní m6A kọ̀ọ̀kan, àwọn ló sì pọ̀ jù nínú ìgò yín. Antibody náà tún máa ń mú m6Am, àmì tó jọ ọ́, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ cap, fìlà orí RNA.

HCV, fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú C, ní ìwà tirẹ̀. RNA rẹ̀ tó nǹkan bí 9,600 lẹ́tà, kì í sì í ṣe inú núkílíọ́ọ̀sì ló ti ń bí sí i. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ Horner ní Duke, 2016, sọ pé bí METTL3 àti METTL14 bá dín kù, fáírọ́ọ̀sì tó lè ran sẹ́ẹ̀lì mìíràn ń pọ̀ sí i. Bí FTO bá dín kù, ó ń lọ sílẹ̀. ALKBH5 ò ṣe nǹkan kan. Ìdàgbàsókè RNA fúnra rẹ̀ ò yí padà. Ní apá E1 lára RNA náà, nígbà tí wọ́n ba DRACH jẹ́, RNA dì mọ́ core ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìsopọ̀ rẹ̀ mọ́ YTHDF sì dín kù. Ẹ rí i pé ẹni tó ṣe qPCR (kíka iye RNA) inú sẹ́ẹ̀lì nìkan á kọ ọ́ pé kò sí ìyàtọ̀. Omi òkè sẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ dà sórí sẹ́ẹ̀lì tuntun, kí ẹ ka ojú ibi tó ti ràn.

Ibi tó ti ń ṣì wọ́n lọ́nà jù lọ nìyí: RNA IFN-β, purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń bá fáírọ́ọ̀sì jà, fúnra rẹ̀ ní m6A. Ẹ dín METTL3 kù, IFN-β pẹ́ láyé, fáírọ́ọ̀sì rẹlẹ̀, ẹ wá gbé oyè fún àmì orí RNA fáírọ́ọ̀sì. Huh7.5, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kan, wúlò níhìn-ín, torí RIG-I rẹ̀, olùṣọ́ tó ń dá RNA fáírọ́ọ̀sì mọ̀, ti bàjẹ́. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ bí m6A ṣe ń fi RNA pamọ́ fún RIG-I kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹ tún dá METTL3 padà sínú sẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú èyí tó ti kú ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn èròjà tí ń dí i lọ́wọ́, 3-deazaadenosine ń dí gbogbo iṣẹ́ métáìlì lọ́wọ́, STM2457 ló ń dí METTL3 ní pàtó.

Ní ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ kan ní 2017 rí METTL14 tó lọ sílẹ̀ nínú èyí tó ti ń ràn káàkiri. Òmíràn ní 2018 rí METTL3 tó gòkè. Alábàáṣiṣẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ́ńsáìmù tí ẹ wọ̀n kì í ṣe àmì tí ẹ wọ̀n. Kò sì sí oògùn m6A tí wọ́n fọwọ́ sí fún mẹ́dọ̀wú; tenofovir àti entecavir ni aláìsàn HBV ń lò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ yín tan mọ̀lẹ́bí yín.

HepG2.2.15, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń lò, HBV genotype (ẹ̀yà) D ló wà nínú rẹ̀. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, E ló gbòde. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu, ẹ ka lẹ́tà epsilon rẹ̀, kí ẹ rí i pé GGAC ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ sì wo lẹ́tà 1896: bí G ibẹ̀ bá ti di A, HBeAg, purotéènì HBV mìíràn, ò ní jáde, inú epsilon kan náà sì ni lẹ́tà yẹn wà.