Ẹ̀yáwó NELFUND: ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò kí ẹ tó lọ sí káfé

Ọ̀pọ̀ òbí ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù ṣì rò pé àfi kí ọmọ wá onídùúró kó tó rí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ gbà lọ́dọ̀ NELFUND, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Òfin ọdún 2023 nìyẹn. Òun náà ló ní owó tó ń wọlé fún ilé ọmọ ò gbọdọ̀ tó 500,000 náírà lọ́dún. Òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ti gbé gbogbo ìyẹn kúrò. Kò sí èlé lórí owó náà pẹ̀lú.

Orúkọ ló ń dá ọmọ dúró jù. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí orí NIN gbọ́dọ̀ bá ti JAMB àti ti iléèwé mu, BVN náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tọmọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ìyá ẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ́ Oluwaseun lórí NIN, tó wá jẹ́ Seun ní JAMB, ẹni méjì nìyẹn lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ibi tí àṣìṣe wà gan-an kí ẹ tó náwó: ọjọ́ ìbí orí NIN wọ́n láti tún ṣe ju orúkọ lọ.

Ìkejì, iléèwé ló ń fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí NELFUND. Bí wọn ò bá tíì fi tọmọ yín ránṣẹ́, ìkànnì ò ní dá a mọ̀, kódà kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà ogún. Iléèwé ni kí ẹ lọ, kì í ṣe káfé. Iléèwé ìjọba nìkan ni ètò yìí sì wà fún: OOU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn ní Àgó-Ìwòyè, wọlé; Babcock, yunifásítì aládàáni ní Ìlíṣàn, ò wọlé.

Owó iléèwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ iléèwé. 20,000 náírà lóṣù ló ń bọ́ sí àkáǹtì ọmọ fún oúnjẹ àti ọkọ̀. Ẹ ti sanwó tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀yáwó tó dé? Ẹ mú rìsíìtì, ẹ lọ béèrè owó yín padà, ẹ̀tọ́ yín ni.

Àwọn kan ní ètò yìí sọ olówó àti tálákà di ọgbọọgba. Ibi tí mi ò ti gbà nìyí: onílé Àgó-Ìwòyè kì í gba owó oṣù, owó ọdún ló ń gbà, kí ọmọ tó kó ẹrù wọlé. Ẹ̀yáwó ò sì tíì dé nígbà yẹn. Àjọ tàbí ẹ̀gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni kí ẹ ti máa dá owó ilé náà sí.

Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni ọ̀gá iṣẹ́ máa ń yọ.