Yíya bàtà ẹṣin nínú Inkscape

Ẹ̀yin àbúrò tó ń kọ́ iṣẹ́ lógò, irin tí wọ́n ń kàn mọ́ pátákò ẹṣin rọrùn lójú: róbótó kan tó la ẹnu ni. Ẹnu yẹn gan-an ló máa ń bàjẹ́. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n o, nọ́ńbà ni kí ẹ fi ṣe é.

Nínú Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ E (irinṣẹ́ tó ń ya róbótó), ẹ di Ctrl mú bí ẹ ṣe ń fa róbótó náà kó má baà gùn. Ẹ kọ 50 mm sí Rx àti Ry (ìdajì fífẹ̀ àti ìdajì gíga) lókè, 30° sí Start (ìbẹ̀rẹ̀), 330° sí End (òpin), kí ẹ sì yan Arc (ìlà tó la ẹnu). Bí ẹ bá yan Slice, ìlà méjì yóò wọ àárín rẹ̀ bíi kéèkì tí wọ́n gé lára rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹnu yóò kọjú sí. Ẹ wá yí i ní 90° látinú Object. Ẹ bi oníbàárà kẹ́ ẹ tó yí i, nítorí àwọn tó ń fi í kọ́ ẹnu ọ̀nà fún oríire kò fẹnu kò lórí bóyá òkè ló yẹ kó kọjú sí tàbí ilẹ̀.

Ẹ yọ Fill (àwọ̀ inú) kúrò, ẹ fún Stroke (ìlà etí) ní 20 mm, kí Cap (orí ìlà) jẹ́ Butt (tó gé pẹrẹsẹ). Ẹnu rẹ̀ yóò jẹ́ 40 mm nínú, 60 mm níta. Bí Cap bá jẹ́ Round, 10 mm ló máa fi kún orí kọ̀ọ̀kan, ẹnu á sì fún. Ẹ má bẹ̀rù bí W (fífẹ̀) bá ń fi 120 hàn dípò 100: Inkscape ń ka sísanra ìlà mọ́ ọn ni.

Àmì lásán nìyẹn ṣá. Irin gidi máa ń sanra níwájú ju gìgísẹ̀ lọ, Stroke kò sì lè ṣe ìyẹn. Ẹ ya róbótó gbọọrọ kan, 120 mm ní fífẹ̀, 140 mm ní gíga, kó ní Fill láìní Stroke. Ẹ gbé òmíràn, 84 mm ní fífẹ̀, 130 mm ní gíga, lé e lórí, kó wà láàárín láti òsì sí ọ̀tún, kí orí rẹ̀ fi 25 mm rẹlẹ̀ ju orí ti ńlá lọ. Ẹ mú méjèèjì, ẹ tẹ Ctrl àti - (Difference). Èyí tó wà lókè ló ń gé tìsàlẹ̀. Bí ẹ bá tò wọ́n sódì, ohun tó máa kù kò ní ju èékánná tí wọ́n gé lọ. Ẹ fi Home gbé kékeré sókè, kí ẹ tún un ṣe. Etí méjèèjì yóò mú bí òṣùpá, ẹ fi rectangle gé 25 mm kúrò nísàlẹ̀. Gìgísẹ̀ á ṣẹ́ kù bíi 12 mm.

Ihò ìṣó: mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, síwájú, kò gbọdọ̀ sí ní gìgísẹ̀, torí ibẹ̀ máa ń fẹ̀ bí ẹṣin bá tẹ ilẹ̀. Ẹ ya ti apá kan, ẹ tẹ Ctrl+D (kó ṣe ẹ̀dà), H (kó yí i sódì), kẹ́ ẹ gbé e sódì kejì. Ẹ fi Ctrl+K so gbogbo ihò pọ̀ kẹ́ ẹ tó fi Ctrl àti - gé wọn kúrò lára irin náà.

Bó bá jẹ́ ti Stroke lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gé sítíkà, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà kan pamọ́, torí Start àti End kì í padà wá mọ́ lẹ́yìn Ctrl+Alt+C tó ń sọ ìlà di àwòrán. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó ní Outline, ìwò tó ń fi ìlà etí nìkan hàn. Bí ẹ bá rí ìlà kan ṣoṣo níbi tó yẹ kí méjì wà, ìlà kan ṣoṣo yẹn náà ni ẹ̀rọ máa gé.